Àyẹ̀wò Tó Yẹ Kó Wáyé Kí Ẹ Tó Kó Wọ Ilé Tí Ẹ Tún Ṣe

Ilé àtijọ́ pọ̀ ní àwọn ìlú wa. Òmíràn jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, òmíràn sì jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù tí òbí fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí àtúnṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ku díẹ̀ kó parí, owó sábà máa ń fẹ́ tán lọ́wọ́ onílé, àkókò àtisan owó ilé tó háyà sì lè ti dé tán. Ìkánjú á wá wọ iṣẹ́. Wọn á fi ọ̀dà bo ògiri tí kò gbẹ, wọn á fi táìlì bo páìpù tó ń jò, wọn á sì kó ẹbí wọlé. Kí ọdún tó yí po, ọ̀dà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Èyí tó burú jù ni pé iná tàbí èéfín lè gba ẹ̀mí nínú ilé tí a ti náwó lé lórí.

Àlàyé yìí wà fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa tó ń parí àtúnṣe ilé. Ìlànà kan ló gba gbogbo rẹ̀ já: ohun tí a ó bò mọ́lẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ dán wò.

Ìwé àṣẹ

Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1992 béèrè pé kí onílé gba ìwé àṣẹ kó tó ṣe iṣẹ́ ìkọ́lé. Bí iṣẹ́ yín bá kan wíwó ògiri tó gbé ilé ró, fífi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún ilé, tàbí sísọ yàrá di ṣọ́ọ̀bù, ẹ rí i pé ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín nílò rẹ̀, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ lọ síbẹ̀ kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, nígbà tí olùyẹ̀wò ṣì lè fojú rí òpó àti irin.

Òrùlé àti ògiri

Òrùlé ló ṣáájú, nítorí omi tó bá ti òkè jò ni yóò ba àjà, wáyà àti ọ̀dà jẹ́. Ní àkókò òjò, ẹ dúró de òjò ńlá kan, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo igi òrùlé àti etí ìṣó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ọ̀pá rọ́bà da omi sórí páànù fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ lè mọ ibi tí omi ti ń wọlé gan-an. Kí èyí ṣáájú kíkan àjà.

Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó ṣeé kùn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ìdánwò kan wà tó rọrùn: ẹ mú ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ tó ojú ewé ìwé ìròyìn, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá hàn lábẹ́ ọ̀rá náà, ògiri kò tíì gbẹ.

Ní ilé alámọ̀, ẹ fi ìka kan ògiri káàkiri. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti ya kúrò lára amọ̀. Kí bíríkìlà ha á kúrò, kó sì tún un rẹ́. Níbi tí ògiri bá ti sán, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ibi tó sán, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń gùn sí i tàbí tó ń fẹ̀ sí i, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó pe akunlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀dà kò lè pa ẹnu náà dé.

Omi àti ilé ìwẹ̀

Kí wọ́n tó to táìlì, ẹ fi omi kún tánkì, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ sì padà wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, páìpù ń jò níbì kan. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ sí apá ihò omi, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ da omi korobá kan síbẹ̀. Kò yẹ kó dúró lójú kan.

Ṣálángá tàbí sókàwè kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kànga tàbí bọhóòlù. Mítà 30 ó kéré tán ni àwọn elétò ìlera sábà máa ń dá lábàá, kí kànga sì wà ní apá òkè.

Tánkì àti páìpù tuntun nílò fífọ̀. Bí tánkì bá gba 1,000 lítà, ẹ po lítà kan àti ààbọ̀ bílíìṣì tí kò ní lọ́fíńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100, mọ́ omi inú rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìṣì yóò fi jáde, ẹ tì í pa, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì da gbogbo omi náà nù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣan tánkì àti páìpù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n.

Iná, jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì

Ẹ gba oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná. Wáyà àtijọ́ tí rọ́bà rẹ̀ ti ń sán gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀. Kí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ń darí iná wọnú ilẹ̀ wà, kí ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sì ní bírékà tiwọn. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri bo wáyà, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ọ̀nà tó gbà. Yóò wúlò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tan àwọn ohun èlò fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná tàbí tó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ẹ pa iná rẹ̀ láti ìdí bírékà, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Bí bírékà yín bá ní bọ́tìnnì tí a kọ T sí, ẹ tẹ̀ ẹ́: iná gbọ́dọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀, jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ilé ìdáná tàbí ní báńkónì. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ carbon monoxide wà, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Ó lè pa gbogbo ẹbí lójú oorun. Ìta náà ni kí sílíńdà gáàsì wà. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti so pọ̀. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò.

Ọ̀dà àtijọ́ àti eruku

Ọ̀dà tó ti pẹ́ lára ògiri àti ilẹ̀kùn lè ní òjé nínú. Eruku òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì léwu fún aboyún. Ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ: ẹ fi omi rin ín, kí òṣìṣẹ́ fi ìbòmú bo imú, kí àwọn ọmọdé àti aboyún sì jìnnà síbẹ̀. Ní ti ọ̀dà tuntun, NAFDAC kò fàyè gba òjé tó ju apá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Bí òrùlé tàbí àjà àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì fi ayùn gé e. Eruku rẹ̀ máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó yọ ọ́, kó fi omi rin ín, kó sì kó o lódindi. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀ àti fèrèsé. Ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ yóò tú eruku sáfẹ́fẹ́ ni.

Ọ̀nà àbáyọ

Irin tí a kàn mọ́ fèrèsé nítorí olè lè di àhámọ́ lọ́jọ́ tí iná bá sọ. Kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ní yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí, níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ti gbọ́n dán ṣíṣí rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.

Owó oníṣẹ́ àti ọjọ́ ìkówọlé

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá kan nínú owó iṣẹ́ yóò dúró títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹ rìn yí ilé po pẹ̀lú bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ńbà àti oníṣẹ́ iná lọ́sàn-án gangan, ẹ kọ àbùkù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é, kí kálukú sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ san èyí tó kù láìjáfara, nítorí owó òógùn wọn ni.

Bó bá di dandan kí ẹ kó wọlé kí iṣẹ́ tó parí, ẹ parí yàrá kan, ilé ìwẹ̀ kan àti ilé ìdáná pátápátá, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn dí ẹnu ọ̀nà ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Táìlì àti ọ̀dà tó kù lè dúró de owó. Òrùlé, wáyà, omi mímu àti ọ̀nà àbáyọ kò gbọ́dọ̀ dúró.