Asíránsì àti ohun èlò ìtọ́jú: ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó rà á

Bí dókítà bá kọ kẹ̀kẹ́ arọ, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún èèyàn wa ní Pobè tàbí Sakété, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á sáré lọ rà á ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé facture lọ bá asíránsì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Fún nǹkan olówó ńlá báyìí, ọ̀pọ̀ asíránsì ló ní ká kọ́kọ́ gba àṣẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní accord préalable tàbí entente préalable. Ẹni tó bá ti rà á kí àṣẹ tó jáde lè pàdánù gbogbo owó tí wọn ì bá san.

Ẹnu ọ̀nà wo ni tiyín?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ wo èyí tó kàn yín:

– Asíránsì ibi iṣẹ́ tàbí mutuelle: ẹ ka contrat yín, kí ẹ wò ó bóyá ohun èlò náà wà níbẹ̀.

– CNSS: bó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òfin 98-019 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹta 2003 ni ẹ ó tẹ̀ lé. Kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yára ṣe déclaration. Láìsí i, ìwé yòókù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

– ARCH: ANPS ló ń bójú tó o, fún àwọn tálákà tí ìjọba ti kọ orúkọ wọn. Ìtọ́jú tó ń san ní ààlà, nítorí náà ẹ béèrè ní centre de santé yín kí ẹ tó gbé owó kankan sílẹ̀.

Ìwé mẹ́rin tí ẹ ó kó jọ

1. Ordonnance. Kó dárúkọ ohun èlò náà gan-an: ọ̀tún ni tàbí òsì, báwo ló ṣe tóbi tó. Kó ní ọjọ́, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀.

2. Rapport médical. “Kò lè rìn” nìkan kò tó. Kí dókítà kọ ọ́ kó yé wọn: wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ojú egbò ti jiná, ó nílò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kó lè padà sí oko. Dókítà asíránsì, ìyẹn médecin-conseil, lè má rí aláìsàn rárá; ìwé yìí ló máa bá a sọ̀rọ̀.

3. Devis tàbí facture pro forma láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Kì í ṣe facture ohun tí a ti rà.

4. Photocopie káàdì asíránsì àti ti carte d'identité. Ẹ fojú sí orúkọ o! Bí ìwé kan bá kọ Adéṣínà, tí òmíràn kọ Adechina, wọ́n lè dá a padà. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà yín, décharge nìyẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilẹ̀ Faransé lè ti gbọ́ pé bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí caisse kò fèsì, ó ti gbà nìyẹn. Òfin tiwọn níbẹ̀ ni. Níbí, ẹ má ka ìdákẹ́jẹ́ sí àṣẹ. Ẹ dúró de ìwé.

Bí èsì bá dé

Ẹ wo ìdá tí wọ́n máa san, plafond, àti ọjọ́ tí ìwé náà máa kú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan: ohun èlò jẹ́ 300.000 FCFA, asíránsì sì ń san 80%. Tiwọn jẹ́ 240.000, tiyín jẹ́ 60.000. Ṣùgbọ́n bí plafond bá jẹ́ 200.000, 100.000 ló kù fún yín. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ yáwó.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má kàn padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ àlàyé ló kù, dókítà lè fi kún un, kí ẹ tún un fi ránṣẹ́.

Bó bá sì jẹ́ pàjáwìrì ńkọ́? Ẹni tí kò lè mí kò lè dúró de ìwé. Ẹ gbé e lọ sí hôpital de zone kíá, kí ẹlòmíràn nínú ẹbí pe asíránsì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní asíránsì kankan, ẹ lọ sí guichet unique de protection sociale ní commune yín. Ordonnance àti rapport yẹn wúlò níbẹ̀ náà, ẹ má sọ wọ́n nù.