Ọdún Mélòó Ni Àlejò Fi Ń Di Ọmọ Ìlú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé ọjọ́ lẹ ń kà. Ẹni tó bá ti gba Green Card gbọ́dọ̀ lo ọdún 5 níbẹ̀ kó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún 3 ni fún ẹni tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń gbé. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ wọn fún ìdajì àkókò náà, ìyẹn oṣù 30 nínú ọdún 5. Ẹni tó bá wálé wá sìnkú, tó jókòó kọjá oṣù 6, yóò dáhùn ìbéèrè. Bó bá pé ọdún 1, kíkà ti já nìyẹn.

Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ báyìí. Òpìtàn ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ilé wa níbí, ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ni mo ti máa mú ìdáhùn wá.

Nàìjíríà náà ń kà. Abala 27 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí àjèjì tó fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà ti gbé níbí fún ọdún 15 láìdáwọ́ dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó gbé níbí fún oṣù 12 ní ìtẹ̀léra, kí àkókò tó ti lò níbí láàárín ogún ọdún tó ṣáájú oṣù 12 yẹn sì tó ọdún 15 ní àròpọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún nìkan ò tó. Ó tún kù kí gómìnà ìpínlẹ̀ tó fẹ́ máa gbé sọ pé àwọn ará àdúgbò ibẹ̀ gbà á, àti pé ìṣe wọn ti mọ́ ọn lára.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn jọ ìṣe àwọn baba wa. Ẹ wo Oǹdó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé láti òde ni Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Òṣemàwé, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá. Wọ́n bá àwọn Ìdókò, Ifọrẹ àti Ọ̀ka nílẹ̀. Lónìí, ta ló máa dìde pe ìdílé ọba ní àlejò? Ní Àkúrẹ́, àwọn Ado-Àkúrẹ́ wà, tí orírun wọn so mọ́ Bìní. Kò sẹ́ni tó ka ọjọ́ fún wọn. Ilé tí wọ́n kọ́, ọmọ tí wọ́n fi fọ́kọ, òkú tí wọ́n sin, ohun tí ìlú kà nìyẹn.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Nínú oko kòkó, àlejò tó gba ilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà ń san án lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn lè pẹ́ títí kó má di onílẹ̀.

Bí ìlú bá gbà ọ́ tí ìjọba ò gbà ọ́ ńkọ́? Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn oníṣòwò tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọdún wọn pé, aládùúgbò mọ̀ wọ́n, ìwé ni kò sí. Nàìjíríà náà ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní ọdún 1983.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti Èkìtì. Láti oṣù Kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ ni olú ìlú gbogbo wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìkọ̀lé kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996, ìjọba Abacha yọ Èkìtì kúrò. Èèyàn sùn lálẹ́ ní ọmọ ìpínlẹ̀, ó jí láàárọ̀ ní àlejò, kò sì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Adó, ilé wọn kù sí Àkúrẹ́.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó kàwé níbẹ̀, bó bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ní kó lọ. Ìwé yẹn sì ni wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ ìjọba àti owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Abala 318 ló tì wọ́n lẹ́yìn: ibi tí òbí tàbí òbí àgbà ẹni ti jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni ìpínlẹ̀ ẹni. Kò síye ọdún níbẹ̀. Àjèjì lè fi ọdún 15 di ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Ìjerò lè lo àádọ́ta ọdún ní Àkúrẹ́ kó má di ará Àkúrẹ́ lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀, abala 15 ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé níbikíbi. Àmọ́ abala 6 ò jẹ́ kí kóòtù dá ẹjọ́ lé e.

Amẹ́ríkà tó ń ka ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kò ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1868 ni àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin wọn ti sọ pé ìpínlẹ̀ tí ọmọ orílẹ̀-èdè bá ń gbé ló jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọmọ Oǹdó tó bá búra ní Houston ti di ará Texas lọ́jọ́ náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín á sọ: "Prọ́f, àlejò á gba ipò lọ́wọ́ ọmọ wa." Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Oyè jẹ́ ti ìdílé, ilẹ̀ ẹbí jẹ́ ti ẹbí. Ìwé tí ọmọ ń mú wá iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tí wọ́n bí sí ìlú, tó jáde ilé ìwé níbẹ̀, tó ń sanwó orí níbẹ̀, ó yẹ kí ọdún rẹ̀ níye, bí ti àjèjì ṣe níye.

Ẹ̀yin tí ẹ nílé ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, ẹ bi ayálégbé yín ọdún tó ti débẹ̀, àti ìwé ìlú wo ni ọmọ rẹ̀ ń lò. Ẹ kọ èsì ránṣẹ́ sí mi.