Máàpù Àwọn Dáínásọ̀ Oníwo: Ìtàn Àwárí Wọn Láti Ọdún 1887

Ìfáàrà

Dáínásọ̀ oníwo jẹ́ ẹ̀yà dáínásọ̀ ajewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ceratopsia. Ẹnu wọn rí bí ti ayékòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìwo lójú. Wọ́n ti pa run láti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Egungun wọn tí ó ti di òkúta wà lára ohun tí ó kù. Máàpù ibi tí wọ́n ti rí egungun wọ̀nyí ń sọ ìtàn ẹranko, ó sì tún ń sọ ìtàn àwọn tí ó wá wọn.

Àríwá Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1887, ìwo méjì tí wọ́n rí nítòsí Denver tẹ O. C. Marsh lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ pè wọ́n ní ìwo irú ẹfọ̀n kan. Nígbà tí agbárí dé láti Wyoming, ó yí èrò padà, ó sì sọ ẹranko náà ní Triceratops ní ọdún 1889. Egungun irú wọn pọ̀ ní Montana àti ní Alberta ní Kánádà, nítorí pé odò àti òjò ti wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ, àpáta àtijọ́ sì hàn síta.

Éṣíà

Ní ọdún 1922, àwọn olùwádìí tí Roy Chapman Andrews ṣáájú rí Protoceratops ní aṣálẹ̀ Gobi ní Mòǹgólíà. Ní ọdún 2006, wọ́n kéde Yinlong láti ìwọ̀-oòrùn àríwá Ṣáínà. Ó fi ohun tí ó ju mílíọ̀nù ọdún 80 ṣáájú Triceratops. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé Éṣíà ni orírun ẹ̀yà náà.

Àlàfo inú máàpù

Láyé ìgbà náà, òkun pín Àríwá Amẹ́ríkà sí méjì. Kò sí ẹ̀rí kankan fún àwọn ńláńlá irú Triceratops ní apá ìlà-oòrùn, títí tí wọ́n fi kéde eyín kan ṣoṣo láti Mississippi ní ọdún 2017. Ní ti Ajẹntínà, egungun àgbọ̀n tí wọ́n fi sọ Notoceratops lórúkọ ní ọdún 1918 ti sọnù. Kò sí ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ní Áfíríkà, kò tíì sí èyí tí gbogbo onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ìgúnlẹ̀

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Olùkọ́ tí yóò ya máàpù yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọdún àwárí sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ya ibi tí wọn kò tíì wá dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí wọ́n wá tí wọn kò rí. Eyín kan péré ti tó láti yí máàpù padà.