Àmì-Ẹ̀yẹ Òmìnira Nàìjíríà Ọdún 1960 Gẹ́gẹ́ Bí Àrokò Ìtàn: Àyẹ̀wò láti Ìlọrin

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'yin ẹni, yin ẹni, kí ẹni lè ṣe òmíràn'. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi oyè àti ìlẹ̀kẹ̀ dá ẹni tó ṣe gudugudu méje lọ́lá. Wọ́n sì ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá gbà á ni yóò túmọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ òmìnira. A ó bèèrè ẹni tó fi í ránṣẹ́, ẹni tó gbà á, àti ẹni tí kò kàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ òmìnira

Nàìjíríà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Íńdíà nígbà tó gba òmìnira ní 1947. Lẹ́yìn tiwa, wọ́n ṣe é fún Sàró (1961), Uganda (1962) àti Zambia (1964). Tiwa sàmì ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1960. Ọ̀já tí wọ́n fi gbé e kọ́ àyà jẹ́ aláwọ̀ ewé, funfun àti ewé, bí àsíá tí Táíwò Akínkúnmi yà nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni wọ́n fi dá lọ́lá?

Àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ yìí. Kókó ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọba ni ó ń yìn, kì í ṣe ìjà fún òmìnira. Ní 1960, òyìnbó ṣì pọ̀ láàrin àwọn ọ̀gá ológun àti ọlọ́pàá. Ọdún 1964 ni Louis Edet di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ọdún 1965 ni Aguiyi-Ironsi gba ipò olórí ogun lọ́wọ́ Welby-Everard. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gan-an ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa títí di 1963. Nítorí náà, àmì òmìnira wa bọ́ sí àyà àwọn kan tí wọ́n wá láti ilẹ̀ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni kò kàn? Herbert Macaulay ti kú ní 1946. Anthony Enahoro, tó gbé àbá ìjọba-ara-ẹni wá sílé ìgbìmọ̀ ní 1953, kì í ṣe ológun. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí wọ́n tako owó-orí títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, kò gbé ìbọn. A kò sọ pé kò tọ́ sí àwọn tó gbà á. Ohun tí a ń sọ ni pé àrokò náà kò sọ gbogbo ìtàn tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ìlọrin

Abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà, ẹkùn tó gba ìjọba-ara-ẹni ní ọjọ́ karùn-ún-dín-lógún, oṣù kẹta, 1959. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti ń bèèrè pé kí Ìlọrin bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Àsíá gòkè ní 1960, ìbéèrè yìí sì wà nílẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí sílẹ̀.

GRA pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Ìjọba amúnisìn ló ya irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó nínú àwọn ìlú wa. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ dúdú bọ́ sínú ilé náà, orúkọ àdúgbò kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì-ẹ̀yẹ: àwọ̀ tuntun ni, ètò àtijọ́ ló gbé e.

Ohun tó tẹ̀lé e

Òfin oyè orílẹ̀-èdè ti 1964 mú ìyípadà wá. Ó dá oyè bíi GCFR àti GCON sílẹ̀, ó sì fi àyè gba ará ìlú tí kì í ṣe ológun. Ní 1965, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gba ọ̀kan nínú àwọn oyè náà. Síbẹ̀, ẹni tí a yìn lè kọ̀: Chinua Achebe kọ tirẹ̀ ní 2004, Gàní Fáwẹ̀hìnmi kọ tirẹ̀ ní 2008. Àwọn náà dá àrokò padà ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ó yẹ kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìtàn lo irú nǹkan àfojúrí báyìí. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, kò jìnnà sí Ìlọrin. Àwọn ère ibẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí bá gbogbo ohun ìrántí mu. Bí a kò bá kọ́ ọmọ láti bèèrè ẹni tí kò kàn, òmìnira tí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn olùkọ́ ṣe làálàá fún yóò di ohun tí wọ́n rò pé a kàn fi ta wọ́n lọ́rẹ.