Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́: Ohun tó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ̀

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ wà nílẹ̀ Yorùbá tó ti pé ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ tí kò tíì pe ìyá rẹ̀ rí. Òmíràn wà níléèwé tí olùkọ́ ń fi ẹgba lé kiri nítorí pé kò lè jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òmíràn ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ sí girama, ṣùgbọ́n ó ṣàdédé dákẹ́, kò jẹun dáadáa, kò sì bá ẹgbẹ́ ṣe mọ́. Ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé emèrè ni, pé ayé ló ń bá a jà, tàbí pé ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́. Àwọn oníṣègùn ní orúkọ mìíràn fún ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìrànlọ́wọ́ sì wà fún wọn, pàápàá bí a bá tètè gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn àmì tó yẹ ká máa wò

Èkíní ni ọtísíìmù. Ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ṣàkọsílẹ̀ nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n ní in. Ọmọ tó ní ọtísíìmù lè má dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ó lè má wo èèyàn lójú, ó sì lè má fi ìka tọ́ka sí ohun tó wù ú kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ó lè máa ju ọwọ́ tàbí kó máa yí kiri láìdáwọ́ dúró. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lè máa dun etí rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ìyípadà kékeré nínú ètò ọjọ́ rẹ̀ sì lè mú un bínú gidigidi.

Èkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlèfọkànsí-nǹkan àti àìlèjókòó. Kò sí ọmọdé tí kì í sáré kiri, nítorí náà, dókítà kì í wo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìṣòro náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó ti lé ní oṣù mẹ́fà, kó hàn nílé àti níléèwé, kó sì máa dí ọmọ náà lọ́wọ́. Àwọn kan tó ní in kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń jókòó ni, ọkàn wọn ti lọ. Àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, a kì í sì í tètè mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìbẹ̀rù tí kò lọ bọ̀rọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìṣòro ọpọlọ ló ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọdún 14, tí ìdajì sì ń bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 18. Bí ọmọ bá sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe kà á sí eré. Ẹ jókòó tì í, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ló ń fà á?

Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń dàgbà láti inú oyún ló wà nídìí ọtísíìmù àti ADHD, àwọn méjèèjì sì máa ń tọ ìdílé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló ń fa ọtísíìmù. Ìwé tó dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ jáde ní 1998 nínú ìwé ìròyìn The Lancet, lórí ọmọ 12 péré. Ní 2010, The Lancet fúnra rẹ̀ fagi lé e.

Àmọ́ àwọn àléébù ọpọlọ kan wà tí a lè dènà. Ìrọbí tó pẹ́ jù lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bákan náà ni ojú àti ara ìkókó tó pọ́n bí ìyeyè, bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, lè ba ọpọlọ àti etí rẹ̀ jẹ́. Fífi ọmọ sínú oòrùn kò lè dípò ilé ìwòsàn. Ẹ má sì ṣe kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, nítorí ó lè dá irú àìsàn yẹn sílẹ̀ lára àwọn ọmọ kan.

Ẹ má gba èdè Yorùbá lẹ́nu ọmọ

Àwọn kan ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má sọ Yorùbá sí ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ mọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì má bàa dàrú mọ́ ọn lójú. Ìwádìí kò ti èyí lẹ́yìn. Gbígbọ́ èdè méjì kì í fa àìlèsọ̀rọ̀, kódà lára ọmọ tó ní ọtísíìmù. Èdè tó yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu ló yẹ kó fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni orin, àlọ́ àti ìfẹ́ wà.

Ibi tí ẹ lè lọ àti ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn kò ní lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Árò, l'Ábẹ́òkúta, èyí tó ti ń gba aláìsàn láti 1954. Ti Yábàá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ní ibùdó àwọn ọmọdé ní Oṣòdì. UCH n'Íbàdàn náà ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé.

Nílé, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹ máa rán an níṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí àkókò oúnjẹ àti oorun má máa yí padà, kí ẹ sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣe dáadáa. Níléèwé, kí olùkọ́ mú un jókòó níwájú, kó gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó sì jẹ́ kó dìde nà díẹ̀. Ẹgba kì í wo ADHD. Oògùn wà fún ADHD, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè kọ ọ́. Kò sí oògùn tó ń wo ọtísíìmù sàn, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á.

Òfin wà lẹ́yìn ọmọ yín. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní Oṣù Kìn-ín-ní, 2019, ka kíkọ ẹ̀yìn sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ní Oṣù Kìn-ín-ní, 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń kọminú nípa ọmọ yín, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.