Ilé Ìtura Etí Òkun: Ìtàn Federal Palace Hotel ní Èkó

Òkè ni àwa ará Èkìtì mọ̀. A kò ní òkun. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé ìtura kan létí òkun Èkó kan gbogbo wa.

Ilé ìtura ni à ń pe òtẹ́ẹ̀lì, èyí ni ilé tí ara ti ń tu àlejò. Ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó ń tù lára. Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, wá sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù. Bristol Hotel kọ̀ láti gbà á wọlé nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ènìyàn nínú gidigidi. Ìwé ìròyìn pariwo, àwọn olóṣèlú fi ẹ̀hónú hàn, títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní 1960, ọdún òmìnira, Federal Palace Hotel ṣílẹ̀kùn ní Victoria Island, níbi tí ènìyàn ti ń wo ọkọ̀ òkun bí wọ́n ti ń wọ èbúté. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ààfin Ìjọba Àpapọ̀. Onílé ti wá di ẹni tí ń gbàlejò.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn olórí ìjọba orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì péjọ síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abubakar Tafawa Balewa ni alága. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àlejò. Ọ̀rọ̀ Rhodesia ni wọ́n jíròrò, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ti fi agbára jókòó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú lórí.

Ó ṣeni láàánú pé ìpàdé náà kò tíì tutù nílẹ̀ nígbà tí àwọn ológun dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Wọ́n gbé Balewa lọ, wọ́n sì pa á.

Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi ni pé ọ̀tọ̀ ni kí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí àlàáfíà jọba nínú rẹ̀.