Obìnrin Tí Ó Ń Wo Ìdúró Ènìyàn



Ẹ wo ìyá tí ó ru ẹrù lọ sí ọjà. Bí ẹrù náà bá gún régé lórí rẹ̀, ó lè rìn jìnnà. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn yóò máa ro ó, ẹ̀yìn yóò sì máa dùn ún. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó ro irú ọ̀ràn yìí títí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù orí ni ó ń rò. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni. Orúkọ obìnrin náà ni Ida Rolf.

Ìlú New York ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1896. Ní 1920, ó gba oyè dókítà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Columbia. Kì í ṣe dókítà tí ń gún abẹ́rẹ́ o! Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tí ó para pọ̀ di ara ni ó kọ́. Ní ìgbà náà, obìnrin tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn yìí. Ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní dùùrù. Ó rí obìnrin kan, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe é fi tẹ dùùrù mọ́. Rolf ní òun yóò bá a tún ọwọ́ náà ṣe, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ òun. Wọ́n jọ gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin péré, obìnrin náà tún ń tẹ dùùrù.

Kí ni Rolf ń ṣe? Nígbà tí ẹ bá ń bó ewúrẹ́, ẹ máa ń rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó wà láàrin awọ òde àti ẹran. Àwa náà ní in. Ó wé mọ́ iṣan wa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Rolf ní bí ènìyàn bá tẹ̀ sí ibì kan fún ọdún púpọ̀, awọ yìí a súnkì, a sì máa fa ara. Nítorí náà, kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ń dun ènìyàn. Bí ó ti dúró ni ó máa ń wò: ṣé etí, èjìká, ìbàdí àti kókósẹ̀ wà lórí ìlà kan? Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka, ìkúùkù àti ìgbúnwọ́ tẹ ara náà. Ìgbà mẹ́wàá ni ó pín iṣẹ́ náà sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó dun àwọn gan-an.

Ẹ ó ní, ṣé àwọn ìyá àgbà wa kì í fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ìkókó ni? Wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ara ìkókó rọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti le ni Rolf ń tẹ̀.

Láti nǹkan bí 1965, àwọn ènìyàn ń wá a lọ sí Esalen ní Kalifọ́níà. Ní 1971, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Boulder. Ó kú ní 1979, ní ẹni ọdún 82. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ báyìí.

Ṣé òótọ́ ni ohun tí ó sọ? Ara àwọn kan fúyẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó dájú ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pé ọwọ́ lásán lè yí awọ inú yẹn padà bí Rolf ti rò, nítorí pé ó yi púpọ̀. Ní tèmi, ìbéèrè tí ó béèrè dára ju ìdáhùn rẹ̀ lọ.

Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, eegun tí ó ṣẹ́, tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó wú lójijì tí ó sì gbóná, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.